Kí Ẹ Tó Tú Páálí Sólà Yẹn fún Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ máa ń ya bò nígbà ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò kí ilé ìwé tó gba ìsinmi.

Ohun ìṣeré kan ti gbòde báyìí. Inú páálí ló máa ń wà: àwọn ẹ̀yà ike tí wọ́n so mọ́ra nínú férémù, eyín gíà kéékèèké mélòó kan, ẹ́ńjìnnì kan tí kò tó àtàǹpàkò, wáyà pupa àti dúdú, àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kan tó fi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ọmọ á to gbogbo rẹ̀ pọ̀, á gbé e sínú oòrùn, ohun tó tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ajá, ó lè jẹ́ akàn. Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé wáyà pupa síbi tó yẹ kí dúdú wà, akàn á máa fẹ̀yìn rìn. Ẹ̀rín lásán ni ìjìyà àṣìṣe yẹn, ọmọ á sì ti mọ̀ pé iná ní ibi tó ń gbà lọ àti ibi tó ń gbà bọ̀, láì jẹ́ pé tíṣà kan fi pátákó kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn páálí yìí. Bí owó rẹ̀ bá wà, ẹ rà á, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ tò ó. N kò wá sọ pé kí ẹ má rà á.

Pánẹ́ẹ̀lì inú páálí yẹn kì í pa ọmọ lára. Fóltì kan sí méjì péré ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé jáde. Kódà bí ọmọ bá fi ìka tútù di wáyà méjèèjì mú, kò ní mọ nǹkan kan lára. Àwọn ohun tí a ń kó tì í ni wàhálà wà lára wọn: bátìrì, irin gbígbóná, gọ́ọ̀mù, gíláàsì. Èyí tó wá ju gbogbo wọn lọ ni sólà tó wà lórí òrùlé ilé yín, tí ọmọ yóò máa rò pé ọ̀kan náà ni ìyẹn àti tọwọ́ òun.

Kì í ṣe òní ni sólà àti ohun ìṣeré ti jọ ń rìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, nígbà tí ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi pánẹ́ẹ̀lì tí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ṣe han aráyé, àgbá kẹ̀kẹ́ ìṣeré kan ni wọ́n fi iná rẹ̀ yí, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń gùn yípo ní ọgbà ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n tó kéré gan-an. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì yẹn, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ló lè sọ di iná. Tòní tó wà lórí òrùlé lè ṣe ju ìdá 20 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara páálí fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára rẹ̀, 8+ tàbí 10+. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọgbọ́n orí ọmọ ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn wọ̀n, ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé, "Tèmi ò kéré o, orí ẹ̀ pé." Kì í ṣe orí nìkan ló jẹ àwọn tó ṣe é lógún, ọ̀fun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eyín gíà àti ìdè kéékèèké inú páálí yẹn ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀nà èémí ọmọ ọdún méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ rà á fún lè má fi nǹkan sẹ́nu mọ́, àbúrò rẹ̀ tó ń rákòrò nílẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó léwu, ẹ mú páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́kù bí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọdé lọ́fun. Ọ̀rá tí wọ́n fi di nǹkan inú páálí náà, ẹ kó o dànù lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ má fi í borí.

Ẹ má sì tú ẹrù rẹ̀ sórí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Àtẹ tí a fi ń fẹ́ ẹ̀wà ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí etí rẹ̀ ga, nǹkan kì í yí jáde nínú rẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà nínú àtẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró. Ìwé tó bá páálí wá sábà máa ń sọ iye tó yẹ kó wà. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ wá a rí kí ẹ tó gbé ọmọ kékeré sọ̀ kalẹ̀.

Bí nǹkan bá há ọmọ, tó ṣì ń wúkọ́, tó ṣì ń sunkún, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Ara rẹ̀ ń jà fún un. Bí kò bá lè wúkọ́, tí ohùn ò jáde mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbígbá tó lágbára. Bí ohun náà kò bá jáde, tí ọmọ sì ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ìkúùkù lé òkè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á wọnú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àyà ni wọ́n ń tẹ̀ fún un, wọn kì í tẹ ikùn. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ lè tì í wọlé sí i ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kékeré ló kàn, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, òun ni kì í fún òbí láàyè ìrònú. Àwọn páálí kan wà tí wọ́n pe ara wọn ní sólà, síbẹ̀ tí bátìrì wà nínú wọn, kí ohun ìṣeré náà lè máa rìn lálẹ́ tàbí kí ojú rẹ̀ lè máa tàn yòò. Lára wọn ni bátìrì pẹlẹbẹ tó jọ kọ́bọ̀, irú èyí tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, tó tún máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti rìmóòtù. Fóltì 3 ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 mìlímítà. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀fun, omi inú ọ̀fun á so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ohun tó wà níbẹ̀ á sì di irú sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ẹni tó bá ti rí ohun tí sódà ọṣẹ ń ṣe sí ọwọ́ alọ́ṣẹ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ yóò mọ ohun tí yóò ṣe sí ọ̀fun ọmọ. Wákàtí 2 péré tó láti dá egbò tó jinlẹ̀ síbẹ̀. Ó lè lu ọ̀fun jó, ó lè dé ibi iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Bátìrì tí ẹ rò pé ó ti kú náà ń ṣe é: agbára tó kù nínú rẹ̀ kò tó yí ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n ó tó jó ẹran ara.

Ohun tó tún mú kó burú ni pé àmì rẹ̀ jọ ti òtútù. Ọmọ á máa wúkọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní fẹ́ jẹun, á ní àyà ń dun òun. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní fi àmì kankan hàn. Nítorí náà bí bátìrì kan bá sọ nù nínú àtẹ, tí ọmọ kékeré sì wà nítòsí, ẹ má dúró wo bóyá á yàgbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray, kì í ṣe kẹ́mísìtì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín níbẹ̀ ni "bátìrì," torí pé nínú fọ́tò X-ray, èèyàn lè ṣì í pè ní owó kọ́bọ̀. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ májèlé ní Amẹ́ríkà sọ pé oyin lè dín jíjó náà kù lójú ọ̀nà, bí ọmọ bá ti ju ọdún kan lọ, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 tó ti gbé bátìrì náà mì: ṣíbí tíì 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó má ju ìgbà 6 lọ. Oyin ni mo wí, kì í ṣe omi ṣúgà. Bí oyin ò bá sí nítòsí, ẹ má torí rẹ̀ dúró, ẹ máa lọ. Epo pupa tí a máa ń sáré bù fún ẹni tó bá mu májèlé kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má sì fún un ní oúnjẹ mìíràn tàbí omi.

Lọ́dún 2022 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ibi tí wọ́n ń ki irú bátìrì yìí sí lára ohun èlò gbọ́dọ̀ ṣòro fún ọmọdé láti ṣí. Ẹ lo ojú òfin yẹn nígbà tí ẹ bá wà ní ìsọ̀. Ẹ yí ohun ìṣeré náà padà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìbòrí bátìrì bá ní ìdè tí wọ́n ń fi súkúdíráfà tú, ó dára. Bí ìka lásán bá lè ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bátìrì tó ti tán, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké náà ń bẹ nínú páálí mìíràn, àwọn náà kò ṣeé fojú di: méjì tí ọmọ bá gbé mì á máa wá ara wọn nínú ikùn, wọ́n á sì há ìfun sáàárín. Eré tí a ń sá lọ sílé ìwòsàn nítorí bátìrì la ó sá nítorí tiwọn.

Wàhálà mìíràn máa ń ti ilé ìwé wá. Tíṣà á ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ sólà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ ò ní rántí sọ títí di alẹ́ Sátidé. Bàbá á wá yọ ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ DVD tó ti bàjẹ́, á tú pánẹ́ẹ̀lì lára tọ́ọ̀ṣì sólà, ó di dandan kí wọ́n ṣe é. Mo gbóṣùbà fún irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà pọ̀ máa ń gbóná ju 300°C lọ, nígbà tí omi tó ń hó kò ju 100 lọ. Kì í pọ́n, kì í tan, kò sí ohun tí ojú ọmọ fi lè mọ̀ pé ó ti gbóná. Àgbàlagbà ni kó di í mú, kó sì yọ ọ́ kúrò lára iná kó tó yíjú sí nǹkan mìíràn. Lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ sórí wáyà náà, òjé wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ó tó ìdá 40 nínú 100. Òjé kì í tètè kúrò lára ọmọ, ọpọlọ ló sì máa ń bá jà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi wá wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Èyí tó wà lórí wáyà kan ṣoṣo kò súnmọ́ ìyẹn rárá, n kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Síbẹ̀, ẹ má ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ, ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì há eyín bí àwọn oníṣẹ́ kan ti ń ṣe, kí gbogbo yín sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ rọrùn jù fún ọmọdé ni kí ẹ lọ́ wáyà pọ̀, kí ẹ fi téèpù dúdú wé e. Ọkọ̀ náà á rìn.

Bí irin bá jó ọmọ, omi tó mọ́, tó tutù, tó ń ṣàn ni ká fi ojú ibẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa, kì í ṣe ká kàn rẹ ẹ́ sómi ká yọ ọ́. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí òrùka kúrò kó tó wú. Ẹyin tútù, èéfín ìkòkò, ọṣẹ ìfọyín, epo pupa, yìnyín: ẹ má fi èyíkéyìí sí i. Wọ́n ń há ooru mọ́ ara tàbí kí wọ́n kó ìdọ̀tí bá egbò, dókítà á sì ní láti kọ́kọ́ ha wọ́n kúrò kó tó rí ohun tó fẹ́ wò, ọmọ ló sì ń jẹ ìrora yẹn. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó bá lẹ ìka méjì pọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á ya.

Mo wá bá yín dé ibi tí mo ti fẹ́ le díẹ̀. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, kò ní fẹ́ kí ohun tóun tò máa dúró tí ìkúukùu bá bo oòrùn. Ẹni kan á sọ fún un pé kó yọ bátìrì inú fóònù àtijọ́ tàbí ti láptọ́ọ̀pù tó ti kú, kó so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, kó máa gba iná. Ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ bátìrì líthíọ́ọ̀mù inú fóònù àtijọ́ kì í gbà ju fóltì 4.2 lọ, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń ṣọ́ ọ nínú fóònù kó má kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá yọ bátìrì kúrò nínú fóònù, ẹ̀ṣọ́ yẹn á ṣẹ́kù sẹ́yìn. Bí ó bá gba iná ju bó ṣe yẹ lọ, bí wọ́n bá gún un, tàbí bí kọ́kọ́rọ́ inú àpò ọmọ bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, á gbóná, á wú, á máa hó ṣìì, á sì gbiná. Èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé, iná tí ẹ rò pé ó ti kú sì lè tún ràn. Bátìrì tó ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè lọ sílẹ̀, ẹ má sì sá a sínú oòrùn. Bó bá ti ń rú èéfín, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ má wọlé padà nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ohun ìṣeré náà dúró nígbà tí oòrùn bá lọ. Ìgbà tó bá dúró gan-an ni ọmọ á béèrè ìdí. Ẹ̀kọ́ tí ẹ fi owó rà nìyẹn, bátìrì á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje tí òjò ń kùn, á máa fà bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sóko. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀run, kò ní yára. Iná LED inú pálọ̀ kò ní yí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ torí ìyẹn gbé e ti gílóòbù ńlá tó ń gbóná. Ike á yọ́, ọwọ́ á jó, 230 fóltì sì wà nínú ibi tí wọ́n ki gílóòbù yẹn bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú náà ńkọ́? Ọmọ tó ń fi pánẹ́ẹ̀lì wá oòrùn á fẹ́ gbójú sókè wo ibi tó wà. Ẹ kọ́ ọ pé òjìji ni kó máa wò: bí òjìji pánẹ́ẹ̀lì bá gbòòrò dáadáa nílẹ̀, ó ti kọjú sí oòrùn nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹyinjú níbi tí a fi ń ríran kì í mọ ìrora, oòrùn lè jó o kí ọmọ má mọ̀ títí di ìgbà tí àárín ohun tó ń wò á ṣókùnkùn. Gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi tàbí dígí, kí ẹ má fi wọ́n kó oòrùn jọ sórí pánẹ́ẹ̀lì kó lè sáré. Wọ́n ń jó ike, wọ́n ń dáná ran páálí, dígí sì lè ta oòrùn sójú ẹlòmíràn. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti tó. Ẹ jẹ́ kí ohun ìṣeré wà nínú oòrùn, kí ọmọ wà lábẹ́ òjìji pẹ̀lú omi mímu. Inú ọgbà ni kó ti ṣe é, kì í ṣe etí títì, kì í ṣe bákónì òkè kejì tí ọmọ á máa na ọwọ́ jáde láti wá oòrùn.

Òrùlé ló wá kù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ilé ló ti pa jẹnẹrétọ̀ tì tí wọ́n gbé sólà. Ọmọ tó ti ń fọwọ́ kan wáyà sólà látàárọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí a ò ní lọ́kàn láti kọ́ ọ, pé iná oòrùn kì í gbé èèyàn. Lójú tirẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ni pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ́. Àwọ̀ wọn jọra, wáyà pupa àti dúdú ló wà lára méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo lè gbé nǹkan bí 40 fóltì jáde, àti pé àwọn oníṣẹ́ máa ń so wọ́n tẹ̀ léra tí fóltì wọn á máa ròpọ̀. Mẹ́fà á tó nǹkan bí 240, mẹ́wàá á tó 400. Iná yẹn lè pa àgbàlagbà. Kò sì ṣeé pa bíi ti NẸPA. Bí oòrùn bá ti wà lókè, iná wà lára pánẹ́ẹ̀lì, ìbáà jẹ́ pé ínfátà ti kú, ìbáà jẹ́ pé òkúta ti fọ́ ojú rẹ̀.

Bátìrì ínfátà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Fóltì 12 kì í sábà gbé èèyàn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá so orí bátìrì 200Ah méjèèjì pọ̀, ju 1,000 áńpíà lọ lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe mọ ohun tí mò ń sọ: sípánà tó bá ṣèèṣì kan ibẹ̀ á ta yẹ́ẹ́, á sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá fojú inú wo wáyà ohun ìṣeré, tín-ín-rín bí òwú, lọ́wọ́ ọmọ. Kí ó tó ké, wáyà ti pọ́n wọ awọ ọwọ́ rẹ̀. Ásíìdì wà nínú bátìrì olómi, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná máa ń gbiná, nítorí náà àbẹ́là àti kọ́ìlì ẹ̀fọn kò gbọ́dọ̀ wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ á béèrè o. "Dádì, bí mo bá so tèmi mọ́ bátìrì ńlá yẹn, ṣé kò ní sáré jù báyìí lọ?" Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ìbéèrè tó gbọ́n ni, bí ẹ bá sì fi ariwo pa á, ó lè lọ dán an wò nígbà tí ẹ ò sí nílé. Ẹ sọ fún un pé fóltì kan sí méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, pé 12 á jó o, á sì jó ọwọ́ tó mú un. Lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá to ti kékeré, ẹ mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ti ńlá wà, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ nawọ́ sí i. Ẹ ní, "Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, tìẹ ni. Ìyẹn, èmi pàápàá kì í fọwọ́ kàn án, oníṣẹ́ ni mo máa ń pè." Kí ó sì jẹ́ òótọ́. Kí ọmọ má rí yín lórí òrùlé lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú akísà tútù, tí ẹ ń nu pánẹ́ẹ̀lì. Bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa ohun tó ṣeé pa, ẹ fi igi gbígbẹ tàbí àga oníke tì í kúrò, kí ẹ pe 112.

Bí ẹ bá ń lọ ra páálí náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí bátìrì ínfátà yín wà. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ra àgádágodo kí ẹ tó ra ohun ìṣeré.